Ọlọ́gbọ́n tí ó Sẹ́ Ohun tí Ojú Rẹ̀ Rí

Àwọn baba wa a máa wí pé, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Òwe yìí ni ó ń sọ ní ọkàn àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ eré ìtàgé ní ìhà Ọ̀jọ́, lẹ́yìn tí a ti wo eré tí Bertolt Brecht, ará Jámánì, kọ nípa Galileo onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní Ọ̀jọ́, ní itòsí Ìbà àti Òkokomaikò, ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983 nígbà tí Alhaji Lateef Jakande ń ṣe gómìnà. Nínú ọgbà kan náà ni ẹni tí ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹni tí ń kọ́ eré ṣíṣe ti ń kí ara wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀nà àwọn méjèèjì kò pàdé. Ó pàdé, ibi ìdánwò sì ni ó ti pàdé.

Ní ọdún 1564 ni a bí Galileo ní ìlú Pisa, ní ilẹ̀ Ítálì. Ní ọdún 1609 ó gbọ́ pé a ti ṣe awò kan ní ilẹ̀ Họ́láńdì tí ń mú ohun tí ó jìnnà súnmọ́ ojú. Ó ṣe tirẹ̀, ó sì mú un dára sí i. Ní oṣù January ọdún 1610 ó kọjú awò náà sí pílánẹ́ẹ̀tì ńlá tí a ń pè ní Jupiter, ó sì rí òṣùpá mẹ́rin tí ń yí i ká. Ohun ńlá ni èyí. Nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ń kọ́ni pé ayé wa dúró gbọn-in láàárín, àti pé òun ni gbogbo ohun tí ń bẹ lójú ọ̀run ń yí ká. Copernicus ará Pólándì ti kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1543 pé ayé ni ó ń yí oòrùn ká. Galileo wá rí ohun tí ó fi gbè é lẹ́yìn.

Ní ọdún 1616 àwọn aláṣẹ Ìjọ Àgùdà ní Róòmù kìlọ̀ fún un pé kí ó jáwọ́ nínú ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún 1632 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí rẹ̀, a sì pè é lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù June ọdún 1633, arúgbó ẹni ọdún 69 náà kúnlẹ̀, ó sì sẹ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí. A sé e mọ́ ilé títí ó fi kú ní ọdún 1642. Àwọn kan a máa sọ pé bí ó ti dìde ni ó sọ ọ́ lábẹ́ ètè pé, ayé ń yí síbẹ̀. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí ó tó hàn nínú ìwé títẹ̀.

Ibí yìí ni ọkàn wa ti dàrú. Akọni ni a ń retí. Ẹni tí a rí lórí ìtàgé ni ọkùnrin tí ó fẹ́ràn oúnjẹ àti wáìnì, tí ẹ̀rù ìyà ara sì bà á. Kí ni ìdí tí òǹkọ̀wé fi ṣe é bẹ́ẹ̀? Brecht sá kúrò ní Jámánì ní ọdún 1933, nígbà tí Hitler gba ìjọba. Ilẹ̀ Denmark ni ó ti kọ eré náà ní ọdún 1938 sí 1939, a sì kọ́kọ́ ṣe é ní ìlú Zürich ní ọdún 1943. Nínú ti àkọ́kọ́ yìí, ọgbọ́n ni sísẹ́ náà jọ: arúgbó tẹrí ba fún alágbára, ṣùgbọ́n ó ń kọ ìwé rẹ̀ ìkẹyìn ní ìkọ̀kọ̀. Lóòótọ́ ni a tẹ ìwé náà ní ìlú Leiden ní ọdún 1638. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 6 oṣù August ọdún 1945 a ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Hiroshima. Brecht, tí ó ti wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, yí ìdájọ́ rẹ̀ padà. Nínú èyí tí Charles Laughton ṣe ní ọdún 1947, Galileo dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun fi ìmọ̀ lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́ kí wọn lò ó bí ó ti wù wọ́n. Ní oṣù October ọdún náà, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pe Brecht fúnra rẹ̀ láti bi í léèrè nípa ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Ó fi ọgbọ́n dá wọn lóhùn, ó sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó dá Galileo lẹ́bi wá dúró síbi tí Galileo dúró sí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀ràn òyìnbó ni èyí. Hubert Ogunde, ẹni tí ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní ọdún 1944 fún ìjọ Aládùúrà kan, ṣe eré Yorùbá Ronú ní ọdún 1964. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, òfin náà kò sì ká kúrò títí di ọdún 1966. Èsì tí ó fọ̀ ni eré mìíràn, tí ó pè ní Òtítọ́ Korò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní oṣù July ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, bí àwọn aláṣẹ ilẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ń fi agbára bèèrè rẹ̀. Àrùn náà ran dókítà yìí, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù August. Ènìyàn 20 péré ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù October a kéde pé ilẹ̀ wa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2016 a fi ìtàn náà ṣe sinimá.

Ǹjẹ́ kí a wá fi obìnrin yìí ṣe pàṣán na Galileo bí? Rárá o. Ẹni tí a kò tíì fi irin ìyà hàn kò gbọdọ̀ yára ṣe ẹlẹ́yà ẹni tí ó bẹ̀rù. Ohun tí eré náà kọ́ wa ni pé òṣèré tí yóò ṣe Galileo gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìbẹ̀rù náà hàn bí ó ti rí, láì fi ọ̀dà kùn ún, kí olúkúlùkù òǹwòran lè bi ara rẹ̀ pé, Èmi ńkọ́?

Ní ọdún 1992 Póòpù John Paul Kejì jẹ́wọ́ pé àwọn tí ó dá Galileo lẹ́jọ́ ṣìnà. Ọdún 359 ti kọjá. Òtítọ́ kò kú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ pé ayé ń yí oòrùn ká, ẹ sọ iye tí a san kí ẹ̀kọ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn.