Ejò Idẹ Mósè àti Òfin Ère

Òfin tó wà nínú Ẹ́kísódù orí 20 kò gba àwọn ọmọ Ísírẹ́lì láyè láti yá ère ohunkóhun, ìbáà ṣe ti òkè ọ̀run, ti ilẹ̀ tàbí ti inú omi. Síbẹ̀, orí 25 ìwé kan náà pàṣẹ pé kí wọ́n fi wúrà rọ kérúbù méjì sórí àpótí májẹ̀mú. Ní tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì, ère màlúù 12 ló gbé agbada omi ńlá rù.

Èyí tó ta kókó jù ni ti ejò idẹ. Nínú Númérì orí 21, nígbà tí ejò olóró ń bu àwọn ènìyàn ṣán ní aginjù, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí Mósè rọ ejò kan, kó gbé e kọ́ sórí òpó. Ẹni tó bá wò ó yóò yè. Ó pẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun tùràrí sí i. Hesekáyà, ọba Júdà, wá fọ́ ọ túútúú. Idẹ ọjọ́sí náà ni. Ìlò rẹ̀ ló yí padà. Ibi tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbé ìtumọ̀ òfin náà kà nìyẹn: ìforíbalẹ̀ fún ère, tó tẹ̀ lé yíyá rẹ̀ nínú òfin, ni èèwọ̀ gan-an, kì í ṣe iṣẹ́ ọnà.

Àríyànjiyàn kò tán síbẹ̀. Àwọn Júù Dura-Europos ní Síríà ya ìtàn Bíbélì sára ògiri sínágọ́gù wọn ní ọ̀rúndún kẹta. Láàárín àwọn Kristẹni, ní ọdún 787, Ìgbìmọ̀ ìjọ ti Nicaea Kejì fọwọ́ sí bíbọlá fún àwòrán mímọ́, ṣùgbọ́n ó fi ìjọsìn sílẹ̀ fún Ọlọ́run nìkan.