Ibi Tí Fíìmù Ń Sùn: Láti Ayé Ògúǹdé Dé Orí Hard Drive

Ìbéèrè tí àwọn tó ń ya fídíò ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè máa ń bi mí jù ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, hard drive wo ni kí n rà?" Mi ò lè dá wọn lóhùn láì kọ́kọ́ pìtàn, torí ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Hubert Ògúǹdé, ọmọ Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, gbé Ayé jáde ní 1979, ó gbé Jáíyésinmi jáde ní 1980, Àrópin N'Tènìyàn ní 1982, àti Àyànmọ́ ní 1988. Fíìmù tí wọ́n ń ká, tí wọ́n ń gbé láti ìlú dé ìlú ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ nígbà yẹn á yàwòrán sórí négátíìfù, á wá fi tẹ ẹ̀dà tí wọ́n ń gbé kiri. Bí ẹ̀dà bá já tàbí tó bá họ, ìyá rẹ̀ ṣì wà nílé.

Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, agbára ọ̀pọ̀ òṣèré ò gbé négátíìfù mọ́. Àwọn kan lo fíìmù mílímítà 16 tí kì í ní négátíìfù rárá: èyí tí wọ́n fi yàwòrán náà ni wọ́n ń gbé sínú ẹ̀rọ lójú òǹwòran. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi hàn, ara ojúlówó ni wọ́n ń họ. Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì fídíò gbòde. Ó dínwó lóòótọ́, àmọ́ bí ẹ bá da kásẹ́ẹ̀tì kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, àwòrán á ṣú díẹ̀ sí i, ọ̀rinrin ilẹ̀ igbó wa sì ń bu èébu sí i lára.

Fíìmù Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i. Ọdún 2016 ni wọ́n tó rí i ní ibi ìpamọ́ àjọ fíìmù ìjọba ní Jos. Wọ́n tún un ṣe ní Berlin, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún sinimá ìlú náà ní 2018. Oríire gidi nìyẹn.

Ọdún 1956 ni IBM gbé hard drive àkọ́kọ́ jáde. Àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún péré ló gbà. Fọ́tò kan ṣoṣo láti inú kámẹ́rà òde òní lè má wọ inú rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kámẹ́rà tó ń kọ mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á jẹ gígábáìtì 45 ní wákàtí kan. Kámẹ́rà méjì, ìnáwó wákàtí mẹ́jọ: 720 nìyẹn. Hard drive tẹrabáìtì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún lẹ́yìn òkú ìyá àgbà kan ṣoṣo.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gé fídíò tàbí ta géèmù, SSD ni kí ẹ rà. Kò ní ohun tó ń yí nínú, ó sì yára: PlayStation 5 tó jáde ní 2020 pàápàá, SSD ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ tó wọ́pọ̀ máa ń gbé nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí hard drive aláwo máa ń gbé nǹkan bí 150. Àmọ́ fún ìpamọ́, aláwo ni mo fara mọ́. Ó dínwó, SSD tí wọ́n sì pa tì fún ọdún púpọ̀ láìfi iná sí i lè gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí aláwo já bọ́ nígbà tó ń yí, ẹ sì má so ó mọ́ iná NEPA láìsí bátìrì láàárín.

Ẹ yẹra fún SSD "tẹrabáìtì 16" olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà kiri. Irọ́ ló ń pa fún kọ̀ǹpútà. Bí ó bá kún, á máa kọ fídíò tuntun lé ti àtijọ́ lórí.

Bí owó yín bá mọ sí tẹrabáìtì mẹ́jọ kan, ẹ ra mẹ́rin-mẹ́rin méjì. Ẹ gbé ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù, kí èkejì wà ní ìlú mìíràn. Ẹ fi owó rẹ̀ kún iye tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ olóde, ẹ sì sọ fún un pé ohùn ìyá rẹ̀ ló ń sanwó fún. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì máa fi iná sí méjèèjì lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà láti wò ó bóyá wọ́n ṣì ń ṣí.