Gbèsè Tí Iṣẹ́ Kì í Dín Kù

Bí a bá fẹ́ mọ bí gbèsè kan ṣe wúwo tó, iye èlé rẹ̀ nìkan kọ́ ló yẹ ká béèrè. Ká wo ibi tí owó tí onígbèsè ń san ń lọ. Ohun tí àtẹ Excel tí àwọn ayánilówó ń lò lónìí ń fi hàn nìyẹn: oṣù kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, lórí ìlà náà la ti ń rí iye tí a san, apá tó bá èlé lọ, apá tó dín ojú owó kù, àti gbèsè tó ṣẹ́ kù. Ọdún 1979 ni VisiCalc, ètò kọ̀ǹpútà tí Dan Bricklin àti Bob Frankston ṣe, gbé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ dé orí kọ̀ǹpútà kékeré. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti ń ya èlé sọ́tọ̀ kúrò lára ojú owó, àṣà ìwọ̀fà sì ni ẹ̀rí rẹ̀ tó lágbára jù. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé bí wọ́n ṣe ṣètò sísan gbèsè náà ló mú kí ìwọ̀fà pẹ́ lọ́rùn ẹni, bí olówó tilẹ̀ jẹ́ èèyàn rere.

Samuel Johnson ṣàlàyé àṣà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó parí ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹni tí ìnáwó òkú, ìgbéyàwó tàbí ìràpadà ẹni tí ogun kó bá ká mọ́ a gba owó ẹyọ lọ́wọ́ olówó, á sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọfà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé. Ojú owó dúró gbọn-in títí di ọjọ́ tí wọ́n bá kó o sílẹ̀ lódindi. Kò sí gbèdéke ọjọ́. Bí ìwọ̀fà bá kú tàbí tó sá lọ, ẹni tó jẹ owó ní láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ tàbí kó san gbèsè.

Ká fi owó òde òní gbé e sórí àtẹ. Ẹni tó yá ₦100,000 ní èlé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, tó sì ń san nǹkan bíi ₦9,456 lóṣooṣù, á bọ́ nínú gbèsè lóṣù kejìlá. Lóṣù àkọ́kọ́, ₦2,000 ni èlé, ₦7,456 yòókù sì dín gbèsè kù sí ₦92,544. Nítorí náà èlé oṣù kejì kò tó ti àkọ́kọ́. Lápapọ̀, kò san ju nǹkan bíi ₦113,472 lọ. Ní ti ìwọ̀fà tó jẹ iye kan náà, ₦2,000 nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ ń kájú lóṣù. Lẹ́yìn àádọ́ta oṣù, ó ti fi iṣẹ́ san ₦100,000, síbẹ̀ ₦100,000 ló ṣì jẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, pé mo ń bà á lórúkọ jẹ́. Òótọ́ ni pé kì í ṣe ẹrú: Johnson fi yé wa pé ọmọ ìlú ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò sì yẹ̀. Ẹlòmíràn lè sọ pé àgbàlagbà tó jẹ́ ìwọ̀fà kì í fi gbogbo ọjọ́ sin olówó, pé ó ráyè ro oko tirẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sì ra ara wọn padà. Èyí náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti èrò mi lẹ́yìn ni. Owó ìràpadà kò lè ti inú ìsìn fúnra rẹ̀ wá. Àfi inú àkókò tó bá ṣẹ́ kù. Ọmọdé tó ń gbé lọ́dọ̀ olówó kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìtúsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ òbí tí àìlówó ló kọ́kọ́ mú un fi í sọfà.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ọ̀nà mìíràn. Nínú èésú, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dá owó jọ tí wọ́n sì ń kó o lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kọ́kọ́ kó owó ti yá owó lọ́wọ́ àwọn yòókù, ṣùgbọ́n gbogbo ìdá tó bá dá lẹ́yìn náà ló ń dín gbèsè rẹ̀ kù, kò sì sí èlé. Níbi tí owó ńlá bá ti di dandan lójijì, èésú kò tó, ìwọ̀fà ló kù. Ìjọba amúnisìn fòfin de fífi ọmọ sọfà, ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó gbilẹ̀, àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi oko kòkó yá owó: olówó ń kórè èso gẹ́gẹ́ bí èlé, ojú owó kò sì yẹsẹ̀. Igi ti gba ipò ọmọ, èyí kì í ṣe àǹfààní kékeré. Àmọ́ ìṣirò gbèsè náà kò yí padà. Òfin tó kan ohun tí a fi dógò nìkan, tí kò kan bí a ṣe ń pín owó tí onígbèsè ń san, kò tíì dé ìdí gbèsè.