Igi Tí Ó Jẹ́ Ìwé Owó Ọba

Bí alájọ bá gba owó lọ́wọ́ ìyá yín lọ́jà, yóò fàlà sínú káàdì ìyá, yóò sì fàlà sínú ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú. Kí ló dé tí àmì fi ní láti jẹ́ méjì? Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú rẹ̀ láyé àtijọ́.

Láti nǹkan bí ọdún 1100 títí di 1826, igi ni rìsíìtì nílé ìṣúra ọba. Nígbà Ọdún Àjíǹde, ìjòyè tí ń gbowó ní ìgbèríko yóò mú apá kan owó wá. Nígbà tí oṣù September bá ń parí lọ, yóò padà wá ṣírò gbogbo rẹ̀. Wọn a gé àmì sára igi: fún 1,000 pọ́ùn, ìbú àtẹ́lẹwọ́, fún 100, ìbú àtàǹpàkò, fún 20, ìbú ìka tí ó kéré jù. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn èyí, wọn a la igi náà sí méjì. Ẹni tí ó sanwó mú èyí tí ó gùn. Ilé ìṣúra mú èyí tí ó kúrú. Bí ìjòyè bá fi ọ̀bẹ bù kún àmì tirẹ̀, kò ní bá èkejì mu mọ́. Bí akọ̀wé ọba bá sì sẹ́ owó, igi ọwọ́ ìjòyè yóò jẹ́rìí.

Nígbà tí ìwé gba ipò igi, wọ́n kó àwọn igi àtijọ́ sínú ààrò lábẹ́ ilé aṣòfin ní London láti sun wọ́n, ní ọjọ́ 16 oṣù October, 1834. Iná náà ṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì jó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé náà.

Igi jóná, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ kò jóná. Òfin 1866 pàṣẹ níbẹ̀ pé kí ọ́dítọ̀ tí kò sí lábẹ́ àwọn tí ń náwó máa yẹ ìwé owó ìjọba wò, kí àbọ̀ rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 náà pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi yín ṣe akápò ẹgbẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lọ́la, ẹ kọ rìsíìtì, ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn yẹ ìwé yín wò lọ́dọọdún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni ìwé kejì ń gbè.