Ẹni Tó Kọ́kọ́ Lànà

Nígbà tá a gbọ́ ní 2018 pé Nàìjíríà ń lọ sí Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Pyeongchang, Gúúsù Kòríà, ọ̀pọ̀ nínú wa ló rẹ́rìn-ín. Yìnyín wo la ní, ju ti inú fíríìjì lọ?

Àṣé iṣẹ́ ti ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ṣeun Adígún, tó sáré fún wa ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, ti fi pákó kan bobsled, ọkọ̀ tí wọ́n ń tì kí wọ́n tó fò sínú rẹ̀, nínú gáréèjì ní Houston. Ìyẹn lòun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga fi ń dánra wò. Àwọn èèyàn dáwó fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣeun àti Akuoma ló díje. Ipò 20 ni wọ́n ṣe nínú ọkọ̀ 20. Ipò 20 náà ni Sìmídélé Adéagbo ṣe nínú skeleton, níbi tí wọ́n ti ń dojú bolẹ̀ sáré. Ẹ̀yìn pátápátá ni, a ò ní purọ́. Àmọ́ ṣáájú wọn, ilẹ̀ Áfíríkà kò ní ẹgbẹ́ bobsled kankan rí ní Òlíḿpíìkì. Ẹni tó ń la igbó kì í yára bí ẹni tó ń rin títì. Bí ọmọ wa kan bá ṣe ipò 15 lọ́la, látorí 20 yìí la ó ti máa kà á.