Òkè Kilimanjaro àti Àwọn Ìlú Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi ojú ara rẹ̀ rí ohun kan, tí ó sì ròyìn rẹ̀, tí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí wá sọ pé irọ́ ni, kí ni a ó ti wí? Ohun tí ó bá Johannes Rebmann nìyí.

Ará Jámánì ni Rebmann. Ẹgbẹ́ C.M.S., tí ó rán Àjàyí Crowther sí Abẹ́òkúta, ni ó rán òun náà sí ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ní ọjọ́ 11 oṣù May, ọdún 1848, bí ó ti ń lọ sí ilẹ̀ àwọn Chagga, ní ibi tí a ń pè ní Tanzania lónìí, ó rí ohun funfun kan ní orí òkè ńlá. Ẹni tí ń mú un lọ́nà wí fún un pé òtútù ni. Rebmann sì mọ̀ lójú kan náà pé òjò dídì ni, irú èyí tí í máa bo ilẹ̀ ní ìlú tirẹ̀.

Ìròyìn náà di títẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1849. Ọ̀mọ̀wé kan, William Desborough Cooley, tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà rí, kọ̀ ọ́ jálẹ̀: báwo ni òjò dídì yóò ti wà ní ibi tí oòrùn gbé ń mú tó bẹ́ẹ̀? Àfi ìgbà tí Karl Klaus von der Decken gun òkè náà ní 1862, tí òjò dídì sì rọ̀ lé e lórí níbẹ̀, ni a tó dá Rebmann láre. Ní 1889, Hans Meyer àti Ludwig Purtscheller dé ṣóńṣó rẹ̀, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 5,895.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Machame, Kilema àti Marangu kò dúró de ẹlẹ́rìí kankan. Kibo ni wọ́n ń pe ṣóńṣó náà, wọ́n sì mọ̀ pé bí a bá bu ohun funfun náà wá sílẹ̀, omi ni í dà. Wọ́n ti la ojú omi láti ara òkè wá sínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn. Wọ́n a jùmọ̀ tún un ṣe, wọ́n a sì máa gba omi rẹ̀ ní àgbàtẹ̀lé.

Rebmann ti fọ́jú kí ó tó padà sílé ní 1875. Ó kú ní ọdún kejì. Láti 1912 títí di ìsinsìnyí, yìnyín orí òkè náà ti yọ́ ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Bóyá ọmọ kan ń bọ̀ tí yóò wí pé kò sí níbẹ̀ rí. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kí a tó pe ìròyìn ẹlòmíràn ní irọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi àwọn tí ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè.