Ṣílè Kan fún Ooru: Àwọn Ọmọ Yorùbá àti Òtútù Lọ́ńdọ̀nù

Ọyẹ́ la fi mọ òtútù nílé. Ọyẹ́ á fẹ́, ètè á bó, ara á funfun bí ẹni tó yí nínú eérú, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti gòkè, kálukú á bọ́ súwẹ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òtútù ìlú ọba ò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jókòó sínú ilé fún oṣù márùn-ún bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ, owó la sì fi ń lé e. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn èèyàn wa ti ń bá a jà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní 1925, Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin níbẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní WASU. Ilé gbígbé wà lára ohun tó ká wọn lára jù, torí àwọ̀ ara ni ọ̀pọ̀ onílé ń wò kí wọ́n tó wo owó. Ṣólańkẹ́ rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká láti 1929 sí 1932, ó ń wá owó. Nígbà tó di 1933, wọ́n ṣí họ́sítẹ́lì wọn ní ojúlé 62, Camden Road. Ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, ló ń bójú tó o. Ẹni tílẹ̀kùn ti pa dé mọ́ lójú nínú òtútù ló mọ ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ tó.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ń wọkọ̀ ojú omi lọ kàwé pọ̀ sí i, họ́sítẹ́lì ò sì lè gba gbogbo wọn. Yàrá kan ṣoṣo ni tọkọtaya àti ọmọ máa ń há sí nínú ilé àtijọ́. Ara ògiri ni mítà gáàsì wà, tó ń gbé owó ẹyọ mì. Ṣílè kan wọlé, iná tàn. Ṣílè tán, iná kú, ì báà jẹ́ òru ọ̀gànjọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, onílé ló ń ṣètò iye tí mítà ń gbà, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń bu èrè tiwọn lé e.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sá lọ bá kẹrosíìnì, ọ̀rẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti mọ̀ láti ìdí àtùpà. Ó dínwó, ẹnu agbára ẹni lèèyàn sì lè rà á mọ. Àmọ́ ó ní tiẹ̀. Bí lítà kan bá jó, bíi lítà omi kan ló ń tú sínú afẹ́fẹ́. Ògiri á máa làágùn, ewú á bò ó, ọmọ á máa wúkọ́. Bí wọ́n bá tún dí gbogbo fèrèsé pa kí ooru má baà lọ, èéfín lè pani. Bí ẹnì kan bá sì ṣèèṣì fẹsẹ̀ gbé sítóòfù náà, ilé jóná nìyẹn. Ìgbà òtútù 1962 sí 1963 wá burú jáì: yìnyín ò kúrò nílẹ̀ lọ́pọ̀ ibi títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Oṣù Kìn-ín-ní 1963 ló tutù jù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú gbogbo ọ̀rúndún náà.

Láàárín 1967 sí 1977, wọ́n pààrọ̀ gáàsì inú ilé sí èyí tí wọ́n ń wà lábẹ́ Òkun Àríwá. Bọ́ílà àti rédíétọ̀ wá di ohun gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ilé fúnra rẹ̀ ò yí padà. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria, ògiri wọn ò ní àlàfo láàárín, ooru ń gba ara bíríkì jáde bí omi inú ajere. Ìjọba rí i. Òfin 1978 fún àwọn èèyàn lówó ìrànwọ́ láti fi nǹkan tó ń dá ooru dúró tẹ́ òkè àjà.

Ká wá wo 2022. Òté tí Ofgem fi lé iye owó iná àti gáàsì, tó jẹ́ £1,277 lọ́dún fún ìdílé tó ń lò ó níwọ̀nba ní oṣù Kẹwàá 2021, fò sí £3,549 lọ́dún kan péré. Ìjọba ló dá sí i, tó fà á padà sí £2,500. Mítà tó ń gbé owó mì ò sì tíì kú. Káàdì àti kọ́kọ́rọ́ ló rọ́pò ṣílè. Títí di 2023, àwọn tó ń fi wọ́n sanwó ṣáájú ń san ju àwọn tí báńkì ń yọ owó wọn lóṣooṣù lọ. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí ò ní ló ń san jù, láyé Ṣólańkẹ́ àti láyé tiwa títí di 2023.

Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Kẹ́ ẹ tó fi owó kún owó mítà, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ooru ń gbà jáde. Ẹ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ fa kọ́tìnnì bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ gbé àga kúrò níwájú rédíétọ̀. Bọ́ílà tuntun tó ń pọn omi rédíétọ̀ ní ìwọ̀n 60 máa ń jẹ gáàsì díẹ̀ ju èyí tó ń pọn ọ́n ní 75 lọ. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ sísè kí ọ̀rinrin lè jáde, ẹ má sì dí ihò afẹ́fẹ́ níbi tí iná gáàsì bá wà láéláé. Àwọn tó ṣáájú wa ò ní ju bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìròyìn tí wọ́n ń ká sí ojú fèrèsé. Ibi tí ooru ń gbà sá lọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dí, ibẹ̀ náà ló yẹ káwa ti bẹ̀rẹ̀.